Ewì tí Tíṣà Ardalan Fi Tọrẹ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ràn aráàlú jù lọ ní ìlú Rasht láyé ìgbà tí ọba ṣì wà lórí ìtẹ́, Tíṣà Ardalan ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn àwọn tó ń gbin ìrẹsì lẹ́yìn ìlú, ó fẹ́ràn àwọn apẹja etí òkun, ó fẹ́ràn àwọn alágbàṣe, ó sì fẹ́ràn àwọn òtòṣì ilẹ̀ òkèèrè tí kò mọ orúkọ ìlú wọn. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ nìkan ni kì í kí, nítorí pé orí rẹ̀ máa ń kún fún ewì láàárọ̀, kò sì fẹ́ kó dànù.

Àwọn ọmọ ilé ìwé girama ló ń kọ́. Ó ti lé lógójì ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í jẹ́ kí onígbàjámọ̀ fọwọ́ kan irun orí rẹ̀, torí ó gbọ́ níbì kan pé irun akéwì kì í kúrú. Kò níyàwó. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé nínú ilé onígi kan tí òjò ti mú kí òrùlé rẹ̀ hu ewédò. Ìyá náà kúrú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé áyù lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Tíṣà máa ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ akéwì nílé Ọ̀gbẹ́ni Vosughi tó jẹ́ alága wọn. Vosughi jogún ilé mẹ́fà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, owó ilé ló sì ń jẹ, ìyẹn ló jẹ́ kó ráyè máa sunkún nítorí àwọn tí kò nílé lórí. Nínú pálọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kankan kì í jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ka ewì tó ní ilẹ̀ ti ṣú, ìjọba ló ń bú. Bó bá dárúkọ ẹyẹ, ẹlẹ́wọ̀n ni. Bó bá wá ní ìfẹ́ obìnrin kan kò jẹ́ kí òun sùn, gbogbo wọn á mi orí, wọ́n á ní ìfẹ́ aráàlú ni kò jẹ́ kó sùn. Ìfẹ́ obìnrin lásán? Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ti àwọn olórin rédíò ni. Nígbà míì, wọ́n á yọjú lójú fèrèsé bóyá àwọn ọlọ́pàá inú ti wá kó wọn. Kò sẹ́ni tó wá kó wọn rí. Ìbànújẹ́ ńlá lèyí jẹ́ fún ẹgbẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n obìnrin lásán ni kò jẹ́ kí Tíṣà Ardalan sùn. Touran lorúkọ rẹ̀. Télọ̀ ni, ilé bàbá rẹ̀ jẹ́ ojúlé kẹta sí tiwọn, ìdí fèrèsé ló sì máa ń gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sí kó lè ríran dáadáa. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ìyá rẹ̀ kú, ó ń tọ́jú bàbá, bí ọjọ́ orí sì ṣe gorí ọjọ́ orí nìyẹn. Lọ́sàn-án, bí Tíṣà bá ń ti ilé ìwé bọ̀, á gbójú sókè, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Touran á dáhùn, "Ẹ kú ìrìn, Tíṣà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà á wá lọ sílé, á ti ilẹ̀kùn, á sì kọ ewì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọdún kẹta rèé tó ti wà lẹ́nu ẹ.

Ìyá Tíṣà mọ̀. Ta ni kò mọ̀?

"Ardalan, jẹ́ kí n lọ rí bàbá rẹ̀. Ife tíì kan péré ni. N ó jókòó, n ó mu tíì, n ó ní ọmọ mi rí òdòdó kan nínú ọgbà yín. Kí ló le ńbẹ̀?"

"Màmá, ìfẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tíì."

"Ọ̀rọ̀ kí wá ni?"

"Kò lè yé yín."

"Ó yé bàbá rẹ. Bí kò bá yé e, ibo lo gbà wáyé?"

Tíṣà á dìde nídìí oúnjẹ, á ní wọ́n ti ba ọkàn òun jẹ́. Àmọ́ á kọ́kọ́ jẹun tán.

Nígbà tó di àsìkò òtútù ọdún náà, Vosughi ní òun ti ronú. Ó ní láti ọdún yìí wá tí ẹgbẹ́ àwọn ti ń kọrin ìfẹ́ aráàlú, ará ìlú kan kò tíì jókòó sínú pálọ̀ yìí rí. Ó ní kí wọ́n lọ wá ọ̀kan wá. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó mọ ọ̀kankan. Tíṣà Ardalan ló rántí Yadollah, ẹlẹ́ja tí ìyá òun jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Opó ọkùnrin ni, ó sígbọnlẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín sókè, àyà rẹ̀ sì mọ́.

Yadollah dé lọ́jọ́ náà tòun ti kóòtù tó fi ṣègbéyàwó àkọ́kọ́. Ó ti fi omi òdòdó wẹ ọwọ́ títí, síbẹ̀ òórùn ẹja kò gbà láti yà á sílẹ̀. Ó gbé odindi ẹja funfun kan lọ́wọ́, ó ní èèyàn kì í lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n gbé e jókòó sókè pálọ̀, níbi ìjókòó ẹni ọ̀wọ̀, gbogbo wọn ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́, bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń wo ẹranko tí wọ́n ti rí nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Vosughi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gígùn kan lórí bí akéwì kò ṣe ní ohun ìní, pé ohunkóhun tó bá jẹ́ ti akéwì, ti aráàlú ni. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ardalan ka tiẹ̀.

Ardalan dìde, ó gbá irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì kà á:

Ìwọ tó o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
òjò ń rán ojú ọ̀run mọ́lẹ̀,
ìwọ ń rán ọjọ́ ayé mi tó ti ya.
Bó o bá lè gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan,
n ó fi òjò sílẹ̀ síta, n ó wọlé.

Ká má purọ́, ewì náà dára. Yadollah lu itan.

"Háà! Touran rèé! Touran télọ̀, òpópónà yín! Ibi fèrèsé rẹ̀ gan-an nìyẹn!"

Vosughi rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí àgbà ṣe ń rẹ́rìn-ín sọ́mọdé. "Rárá o, arákùnrin mi. Obìnrin yẹn, aráàlú ni. Fèrèsé yẹn, ẹ̀wọ̀n ni. Òjò yẹn, ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìránṣọ yẹn ni ìjàkadì wa. Àbí, Ardalan?"

Ojú gbogbo wọn yí sí i. Vosughi kò mi orí sí ewì rẹ̀ báyìí rí láti ọjọ́ tó ti wọ ẹgbẹ́.

"Aráàlú ni," ni Ardalan wí.

Yadollah họrí. "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ kàwé. Àmọ́ ó wọ̀ mí lára, Tíṣà. Ó wọ̀ mí lára gan-an. Ọwọ́ yín kò ní rọ o."

"Tiyín ni," ni Ardalan wí, ó sì na ìwé náà sí i. "Kò tó nǹkan. Ẹ gbà á."

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀wọ̀ ẹnu ṣe ń lọ nílẹ̀ wa. Bí o bá yin aago ọwọ́ mi, n ó ní tìẹ ni, ìwọ á ní rárá o, ọwọ́ mi ló yẹ. N ó tún ní kó o gbà á, ìwọ á tún kọ̀, aago á sì dúró sọ́wọ́ mi, inú àwa méjèèjì á dùn. Ẹ̀ẹ̀kan fún ẹnu, ẹ̀ẹ̀kejì fún ojú ayé. Ẹni tó bá tún wí i lẹ́ẹ̀kẹta, inú ló ti wá, ẹni tó bá sì kọ ẹ̀ẹ̀kẹta ti tàbùkù olóore. Ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà rẹ̀ mọ èyí.

"Ẹ má bínú, Tíṣà," ni Yadollah wí, "ọwọ́ ẹlẹ́ja kọ́ ló yẹ kó di irú èyí mú."

"Ẹ gbà á, mo ní. Ọwọ́ yín ló yẹ jù."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Tiyín ni, kó pẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ṣùgbọ́n Vosughi wúkọ́. Àwọn akéwì tó kù na ọrùn, wọ́n fẹ́ wo bí akéwì àti aráàlú á ṣe ṣe é. Ardalan rí i pé wọ́n ń wo òun, orí rẹ̀ sì wú. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ohùn rẹ̀ gbọ̀n.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Kì í ṣe tèmi mọ́. Aráàlú ló ni ín!"

Yadollah dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ká a, ó sì tì í bọ àpò àyà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Vosughi nu ojú rẹ̀ nù. Ardalan jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ̀rín náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan á lò ó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nínú òjò wẹliwẹli, Yadollah lọ kan ilẹ̀kùn Touran. Kò purọ́ fún un. Ó ní, "Touran, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ o. Tíṣà Ardalan ló kọ ọ́, ó sì fi ta mí lọ́rẹ. Wọ́n ní aráàlú ni wọ́n fi ń bá wí, n kò mọ̀yẹn. Àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ, ìwọ ni mo rí. Ilé mi ti tutù látìgbà tí ìyàwó mi ti lọ. Bó o bá gbà, n ó wá rí Bàbá."

Touran ka ìwé náà, ó tún un kà.

"Ṣé Tíṣà fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún yín?"

"Ó fi Ọlọ́run bẹ̀ mí ni kí n tó gbà á."

"Ó fi Ọlọ́run bẹ̀ yín?" Touran ká ìwé náà. "Ó dáa. Ẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ mú wá láti bá yín sọ̀rọ̀. Bí kò bá wá, ẹ̀yin náà ẹ má wá."

Yadollah gba ọ̀dọ̀ Tíṣà lọ tààrà, pẹ̀lú ẹja méjì.

"Tíṣà, ẹ dákun. N kò ní bàbá, n kò ní ẹ̀gbọ́n, ẹnu mi sì wúwo níwájú àgbà. Ẹ bá mi lọ tọrọ Touran. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ẹ̀yin ni kí n mú wá."

Yadollah rí i pé ojú Ardalan yí padà. "Àbí nǹkan wà ńbẹ̀, Tíṣà? Bí nǹkan bá wà, ẹ sọ ọ́. Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra, n kò ní bínú. N ó yẹ̀ kúrò lọ́nà."

Ẹ gbọ́ mi, ọkùnrin yìí ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún un. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Ardalan rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ orí ba.

"Kí ni ì bá wà? Ọlá ńlá lẹ dá mi. Tọkàntọkàn ni."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Bí Yadollah ṣe jáde báyìí ni ìyá wọlé tọ̀ ọ́.

"Ṣé orí rẹ pé?"

"Màmá, tálákà lọkùnrin yẹn. Ẹlẹ́ja lásán ni."

"Tálákà! Ẹni tó ní ìsọ̀ méjì lọ́jà! Ìwọ tí mò ń ra ìbọ̀sẹ̀ fún ni tálákà!"

Síbẹ̀ Ardalan ní ohun tó ń rò, ẹ má kàn kà á sí òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé Touran kò dédé ní kí òun wá. Ó mọ̀ pé ààyè ló là sílẹ̀ fún òun. Bí òun bá débẹ̀, òun á wí i, kódà kí wọ́n lé òun jáde. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń dúró níwájú dígí, ó ń tún un wí: "Touran, ìwọ ni mo kọ ọ́ fún." Ọ̀rọ̀ náà kúrú débi pé ojú ń tì í. Ó gbìyànjú láti fi òwúrọ̀ àti ẹyẹ kún un, ó tún yọ wọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n dé ilé Bàbá Touran. Oníṣòwò ìrẹsì tó ti fẹ̀yìn tì ni baba náà, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò níwọ̀n. Wọ́n jókòó. Yadollah ń làágùn nínú kóòtù rẹ̀. Ó kan Ardalan kó sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ baba wa, ó gba orí òjò kọjá, ó dé orí àwọn tó ń gbin ìrẹsì nínú ẹrẹ̀, ó ní ìfẹ́ ọmọ ènìyàn sí ọmọ ènìyàn ni orísun gbogbo ìfẹ́. Ibẹ̀ ni Bàbá Touran ti dá a dúró.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣé ọmọ mi lẹ wá tọrọ ni, àbí ìbò lẹ fẹ́ kí n dì fún yín?"

Touran wọlé pẹ̀lú tíì lórí tíréè. Aṣọ àwọ̀ ewé tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wọ̀. Ó gbé ife fún bàbá rẹ̀, ó gbé ife fún Ardalan, ó sì dúró síwájú rẹ̀, kò lọ. Ó fa ìwé náà yọ lápò.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yìí, ta ni?"

"Kí lèyí?" ni bàbá rẹ̀ wí.

"Bàbá, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Tíṣà, bó bá jẹ́ ẹnì kan ni, mo fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu yín."

Yadollah kò mi. Ó ń wo Ardalan, kò sí ẹ̀tàn kankan lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun Ardalan. Ó rí ojú Touran nítòsí, kò sí òjò láàárín wọn, kò sí dígí fèrèsé. Ó hàn kedere jù, ó sún mọ́ ọn jù. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù tó ba ọkùnrin náà, ọlọ́pàá inú kankan kò lè dá irú rẹ̀ bà á. Ẹnu rẹ̀ tí kò mọ̀ ju ọ̀nà kan ṣoṣo lọ láti ọjọ́ yìí wá sì gba ọ̀nà náà lọ fúnra rẹ̀.

"Obìnrin yẹn... gbogbo obìnrin ilẹ̀ wa ni. Aráàlú ni."

"Gbogbo wa?"

"Gbogbo yín."

"Ó dáa," ni Touran wí. "Ẹni tó bá fẹ́ gbogbo wa, kó lọ máa kọ́ ilé tó gbòòrò." Ó yíjú. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n Yadollah? Nígbà tí ẹ gbọ́ ọ, ta lẹ rí?"

"Ìwọ," ni Yadollah wí. Ó wò yíká bí ẹni pé ó yẹ kí òun fi nǹkan kún un, kò rí nǹkan kan. "Ìwọ náà ni. Mo ti wí fún ọ."

Touran gbé ife tó kù síwájú rẹ̀. "Bàbá, mo gbà."

Alágbàsọ ló máa ń kọ́kọ́ kí ìyàwó kú oríire, òun náà ló máa ń kọ́kọ́ fi nǹkan dídùn sẹ́nu kí ẹnu gbogbo ilé lè dùn. Ardalan ní, "Ẹ kú oríire o." Ó bu àkàrà dídùn kolucheh jẹ, ó sì há a lọ́fun. Bàbá Touran bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú lẹ́yìn gbì-gbì. "Ẹ rọra, Tíṣà, ẹ rọra. Kò sẹ́ni tó ń bá yín dù ú."

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Yadollah ṣáájú, ó ń bá bàbá sọ̀rọ̀ àpò ìrẹsì. Touran na agbòjò Tíṣà sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Kì í ṣe pé n kò mọ̀," ló rọra wí. "Gbogbo òpópónà ló mọ̀. Mo bi yín kí ẹ lè rí ibi wí i ni."

"Touran, mo..."

"Rárá. Ẹ má wí i nísinsìnyí, ẹ ó kàn ba ọjọ́ mi jẹ́ ni. Ẹ ń gba abẹ́ fèrèsé mi kọjá fún ọdún mẹ́ta, ẹ ń kí mi kú iṣẹ́. Ọkùnrin yẹn kò mọ ewì, ó kan ilẹ̀kùn. Inú mi ì bá dùn ká ní ẹ̀yin lẹ kàn án. Ẹ̀yin gan-an. Ó dìgbóṣe." Ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò gbá a, ó rọra pa á dé ni.

Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Ardalan burú ju ìyẹn lọ, torí kò dákẹ́ rí láyé rẹ̀. Ó sọ ti apẹja, ó sọ ti àgbẹ̀, ó sọ ti àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Tara rẹ̀ nìkan ló dákẹ́.

Ó rìn délé nínú òjò, agbòjò wà lábẹ́ apá rẹ̀, kò ṣí i. Ìyá rẹ̀ wà nídìí ààrò, ó ń sun ìkàn lórí ẹyin iná, èéfín gba gbogbo ilé ìdáná. Ardalan dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń ro tótó nínú irun rẹ̀. Ó dùn ún. Ó dùn ún bí kò ṣe dùn ún rí nínú gbogbo ìwé tó ti kọ, kò sì rí òwúrọ̀ tàbí ẹyẹ kankan tó lè fi bò ó.

"Touran," ló wí. "Ìwọ ni. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́."

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó yí ìkàn náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ó dára," ló dá a lóhùn. "Ó dára gan-an ni, ọmọ mi. Ojúlé kẹta ló yẹ kó o ti wí i, kì í ṣe nídìí ààrò mi."